Ògiri Amọ̀ Tí Ó Ń Ṣí: Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Ọ̀pọ̀ ilé àwọn bàbá wa ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, amọ̀ ni a fi mọ wọ́n kí a tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ wọn lójú. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ti rí bí sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ṣí kúrò lára ògiri. Onílé a pe bíríkìlà, a tún fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Nígbà tí ó bá di òjò ọdún kejì, ó tún ṣí. Owó ń lọ, ògiri kò sàn.

Kí ni ó fà á? Amọ̀ a máa mu omi, a sì wú. Bí ó bá gbẹ, a súnkì. Sìmẹ́ǹtì le, kì í bá amọ̀ wú, kì í bá a súnkì. Àwọn méjèèjì kò lè di ara wọn mú pẹ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi ni aláǹgbá ògiri amọ̀. Bí ó bá gba ojú sísán wọlé, sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ó tètè jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò ti máa sọ amọ̀ di ẹrẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo páànù, bóyá ó ń jò. Ẹ wo ọ̀ṣọ̀ọ̀rò, bóyá ìdí ògiri ni ó ń ro sí. Ẹ la ojú gọ́tà, kí omi lè jìnnà sí ìpìlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìka kan ògiri. Ibi tí ó bá dún bí agolo òfìfo, ẹ họ ọ́ kúrò, ẹ gbá eruku rẹ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Ẹ po amọ̀ mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ lẹ díẹ̀ mọ́ ògiri láti dán an wò. Bí ó bá gbẹ tí ó sán, ẹ fi yanrìn kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ rẹ́ ẹ. Ẹ fi igi ha ojú ti àkọ́kọ́, kí ó gbẹ, kí èkejì tó gùn ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí dára jù. Ẹfun ni kí ẹ fi kùn ún, kì í ṣe ọ̀dà elépo tí í dí omi mọ́nú.

Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ti tẹ̀ síta, tàbí tí ojú sísán rẹ̀ là láti inú dé òde, ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín tún un. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá náà lónìí, kí ẹ sì pe bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ amọ̀. Òru òjò ni irú ògiri bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wó, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Kí ilé wa má wó lé wa lórí o.