Nàìjíríà àti Gánà: Ta Ni Àkọsílẹ̀ Bọ́ọ̀lù Gbè?

Láti Ìwéré-Ilé, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjowà, títí dé Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, bí rédíò bá ti kéde pé Nàìjíríà àti Gánà fẹ́ kojú ara wọn lórí pápá, ìbéèrè kan náà ni àgbà àti ọmọdé máa ń bi ara wọn: nínú àwọn méjèèjì, ta ló ti na ẹnìkejì jù? Ẹni tó bá ní Gánà ni, kò parọ́. Ẹni tó bá sì ní wọn kò ju ara wọn lọ, òun náà kò parọ́. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn ni pé àkọsílẹ̀ tí oníkálukú ń kà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìdí pàtàkì wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju eré bọ́ọ̀lù lásán lọ ní agbègbè Òkè-Ògùn. Kí ọdún 1969 tó dé, ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti sọ Gánà di ilé. Wọ́n ń ṣòwò ní Accra àti Kùmásì, àní títí dé Tàmálè lápá àríwá orílẹ̀-èdè náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ kó kúrò láàárín ọjọ́ 14. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe fi ọjà àti ilé sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n gba Tógò àti Dahomey, tí wọ́n ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí, padà wálé. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà, ìgbà yẹn ni báàgì ńlá onílà gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, “Ghana Must Go”. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti Gánà dé lọ́wọ́ òfo kò lè máa wo ikọ̀ Black Stars bí ẹni ń wo ikọ̀ Mòrókò.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ wọnsẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ìwọ̀nyẹn mọ́ ti gidi. Ní ọdún 1949, Nàìjíríà rán ikọ̀ kan lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n na Sàró 2-0 ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, èyí ni wọ́n sì kà sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ Nàìjíríà. Ti Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe Gánà nígbà náà, wáyé ní Accra ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1950. Nàìjíríà gan-an ni wọ́n bá gbá a, 1-0 ni wọ́n sì fi borí. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí ikọ̀ Gánà kọ́kọ́ jáde sí pápá gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ orílẹ̀-èdè ni ìdíje yìí bẹ̀rẹ̀.

Nàìjíríà gbẹ̀san ní Èkó ní ọdún 1951 pẹ̀lú 5-0. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ife Jalco sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń jìjàdù fún un títí di ọdún 1959. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni Nàìjíríà jẹ ìyà tó tóbi jù nínú ìtàn bọ́ọ̀lù rẹ̀: ní ọdún 1955, ní Accra, góòlù méje ni Gold Coast gbá wọlé, Nàìjíríà kò rí ẹyọ kan dá padà. Títí di ìparí ọdún 2025, kò tíì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó na Nàìjíríà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn Jalco, wọ́n tún ń díje fún ife Azikiwe ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí agbára Gánà wà ní góńgó. Gánà gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1963 àti 1965. Ní ti Nàìjíríà, nínú ìdíje ti 1963 yẹn, Íjíbítì fi 6-3 nà án, Sudan sì fi 4-0 lé e lọ sílé.

Ibi tí èyí tó pọ̀ nínú ìlọsíwájú Gánà ti wá nìyí. Bí ẹnì kan bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti 1950 títí di òní, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà lé ní 50, kò sì sí ìwé kan tó sọ pé Nàìjíríà ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n iye tí ìwé kan yóò kọ yàtọ̀ sí ti òmíràn. Àwọn kan ń ka ti ayé ìjọba amúnisìn, kí ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì tó di ọmọ ẹgbẹ́ FIFA. Àwọn mìíràn kò kà á. Àwọn kan ń ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi agbábọ́ọ̀lù abẹ́lé nìkan gbá, àwọn mìíràn ní ìyẹn kì í ṣe ikọ̀ àgbà. Ayò kan tún wà ní ọdún 1973 tí kò parí rárá, tí ìwé méjì sì ń kọ èsì méjì fún un.

Ọ̀nà tó dára jù láti yanjú ọ̀rọ̀ náà ni kí a ya èyí tí wọ́n fi ṣe ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹni tó pàdánù kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Oríṣi méjì ni ìwọ̀nyí: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti lọ sí Ife Àgbáyé, àti èyí tí wọ́n gbá níbi ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀.

Ti Ife Àgbáyé ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku oṣù kan ó lé díẹ̀, Gánà na Nàìjíríà 4-1 ní Accra, wọ́n sì ta ọ̀mì 2-2 ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ìlú Ìbàdàn ni Nàìjíríà ti gbà wọ́n lálejò, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà lọ́wọ́. Nàìjíríà borí pẹ̀lú 2-1, wọ́n lọ ta ọ̀mì 1-1 ní Accra, Gánà sì jáde. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àṣẹ Busia jáde. Ọ̀kan kọ́ ló fa èkejì o, ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé àti òṣèlú Gánà ló bí àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì bọ́ sí.

Ọdún 1973 ni ó yẹ kí olùṣàkọsílẹ̀ dúró lé lórí. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn ni Èkó gbàlejò Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà na Gánà 4-2 níbẹ̀, ó sì gba góòlù àṣekágbá lọ́wọ́ Guinea. Inú àwọn èèyàn ń dùn. Ní oṣù Kejì, Gánà tún padà wá sí Èkó, lọ́tẹ̀ yìí fún Ife Àgbáyé ti 1974. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, Gánà ló ń borí pẹ̀lú 3-2. Ni àwọn òǹwòran bá da pápá rú, eré náà kò sì tẹ̀síwájú mọ́. FIFA fún Gánà ní ìṣẹ́gun 2-0. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Accra, 0-0 ni.

Èyí ni pé góòlù márùn-ún tí ọ̀pọ̀ èèyàn fojú rí ní Èkó lọ́jọ́ náà pòórá nínú ìwé, tí méjì tí ẹnikẹ́ni kò gbá sì rọ́pò wọn. Òfin ni, kò sì burú kí òfin ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ìwé tó bá kọ 2-0 láìfi 3-2 kún un ti fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó ń kà á.

Ọdún 28 kọjá kí wọ́n tó tún pàdé fún Ife Àgbáyé. Ní ọdún 2001, 0-0 ni wọ́n gbá ní Accra, ṣùgbọ́n Nàìjíríà fi 3-0 fàgbà han Gánà ní Port Harcourt, ó sì lọ sí Ife Àgbáyé ti 2002. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni ti ìkẹyìn: 0-0 ní Kùmásì, 1-1 ní Àbújá. Thomas Partey gbá ti Gánà wọlé, William Troost-Ekong fi pẹnáritì dá a padà, ṣùgbọ́n nítorí pé góòlù tí àlejò gbá ló ní àǹfààní, Gánà ló lọ sí Qatar. Àwọn òǹwòran tún ya wọ pápá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n fèrè ìparí ti dún, èsì kò yí padà.

Bí a bá ṣírò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Nàìjíríà borí lẹ́ẹ̀mejì, Gánà borí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀mì mẹ́fà. Bí a bá ka góòlù tí wọ́n gbá lórí pápá, 12 sí 12 ni. Bí a bá ka ti ìwé FIFA, ó di 11 fún Gánà àti 10 fún Nàìjíríà. Nínú gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àlejò borí onílé, èyí tí kò parí ní Èkó yẹn ni.

Ti Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ti pàdé níbẹ̀. Ọ̀mì 1-1 ni ti ọdún 1978 ní Gánà. Nàìjíríà borí 2-1 ní Côte d'Ivoire ní 1984. Ní Dakar ní ọdún 1992, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Mutiu Adepoju, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà, kí Abedi Pele àti Prince Polley tó yí ayò náà padà sí 2-1. Nàìjíríà gbẹ̀san ní Mali ní 2002 nípasẹ̀ Garba Lawal, ó sì tún borí ní Íjíbítì ní 2006 nípasẹ̀ Taye Taiwo, 1-0 ni méjèèjì. Gánà gba tirẹ̀ ní Accra ní 2008 pẹ̀lú 2-1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti lé John Mensah, ọ̀gá ikọ̀ wọn, kúrò lórí pápá. Ní Luanda ní 2010, góòlù kan ṣoṣo tí Asamoah Gyan gbá ló yanjú ọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta fún Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀mẹta fún Gánà, ọ̀mì kan, góòlù méje sí méje. Tí a bá wá pa oríṣi méjèèjì pọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17, márùn-ún fún ẹnìkínní, márùn-ún fún ẹnìkejì, ọ̀mì méje, góòlù 19 sí 19 bí a bá ka 3-2 ti Èkó. Ayò tí kò parí yẹn ló ń pinnu bóyá góòlù dọ́gba tàbí kò dọ́gba.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ Gánà ní èsì tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Nínú mẹ́rin tí wọ́n gbá ní ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ẹni tó bá pàdánù yóò ti palẹ̀ ẹrù mọ́, Gánà gba mẹ́ta: 1992, 2008 àti 2010. Nínú ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí wọ́n pàdé lọ́nà Ife Àgbáyé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Gánà kọjá lórí Nàìjíríà. Bí góòlù tilẹ̀ dọ́gba, Gánà mọ ìgbà tó yẹ kí ó gbá tirẹ̀ wọlé.

Tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, àríyànjiyàn náà tán. Nínú àṣekágbá ife àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ní 1998, 2002 àti 2006, Nàìjíríà ló na Gánà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọ̀dọ́ náà pàdé ní Tokyo ní 1993, nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, Nàìjíríà borí 2-1. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tó wọ àkọsílẹ̀ ikọ̀ àgbà ọkùnrin.

Nígbà tí Nàìjíríà na Gánà 2-1 ní Marrakech ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé jáde ni pé ọdún 18 ti kọjá tí irú rẹ̀ ti wáyé kẹ́yìn, láti ìgbà góòlù Taye Taiwo. Òótọ́ ni, bí a bá ń sọ ikọ̀ àgbà pátápátá. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù abẹ́lé Nàìjíríà ti na ti Gánà 2-0 ní Àbújá, kí pẹnáritì tó yọ wọ́n dànù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Nàìjíríà tún borí 2-1 níbi ìdíje Unity Cup ní Brentford ní Lọ́ńdọ̀nù, àdúgbò tí Gánà ti na Nàìjíríà 4-1 ní ọdún 2007. Ayò ọ̀rẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n wà nínú iye tó lé ní 50 náà, wọn kò sì kan ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 yẹn rárá.