Ohun Tí Àwọn Dókítà Ń Sọ Gan-an Lórí Igbó

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa kan báyìí. Bí a bá bá wọn wí nítorí igbó mímu, wọn a ní, "Àfáà, àwọn dókítà òyìnbó pàápàá ti sọ pé oògùn ni." Ó yẹ kí a wo ohun tí àwọn dókítà náà sọ.

Ní Colorado, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó fàyè gba igbó fún ìwòsàn láti ọdún 2000, wọ́n bi àwọn dókítà ìdílé 520 léèrè. Èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Nínú 100 wọn, 19 péré ló ní ó yẹ kí dókítà júwe igbó fún aláìsàn. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ní ewu ńlá ni fún ọpọlọ àti fún ara. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ibẹ̀ rọ̀ ju àwọn ọ̀gá wọn lọ: ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí òfin yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló tún sọ pé ó lè pa ọpọlọ lára! Kò yà mí lẹ́nu. Ìwádìí mìíràn ní 2017 fi hàn pé nínú 100 ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, bíi 9 péré ló ń kọ́ni nípa igbó ìwòsàn.

(Orúkọ ìpínlẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa fi ń pe ewé tí wọ́n fọ́n kẹ́míkà sí, tí wọ́n ń fà. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe igbó.)

Lóòótọ́, oògùn wà nínú ewé náà. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex fún irú wárápá líle méjì tí ń ṣe ọmọdé. Oògùn olómi ni, èròjà inú rẹ̀ kì í sì í pani bí ọtí. Ọmọ wárápá tí a ń wọn oògùn fún lójú dókítà, kí ló pa á pọ̀ mọ́ ẹni tó ń fa èéfín lẹ́yìn gárééjì?

Àwọn àfáà àtijọ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò. Al-Qarafi ti ilẹ̀ Íjíbítì, tó kú ní 1285, tẹ̀ lé ìlànà Imaamu Máliki bíi tiwa. Ó ya ohun tí ń pani sọ́tọ̀ sí ohun tí ń ba làákàyè jẹ́, ó sì fi igbó sí abẹ́ èkejì. Nítorí náà, kò fi ìjìyà ọlọ́tí jẹ ẹ́, ó fi ti adájọ́ sílẹ̀. Ibn Taymiyya, tó kú ní 1328, ní ọtí ni. Ìjìyà ni wọ́n jà lé lórí. Kò sí ẹni tó pè é ní hàláàlì nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ ẹ́ sínú ìgò àgbo tà, ẹ gbọ́ o.

Àwọn dókítà tiwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé lórí igbó àti àrùn ọpọlọ ní 1964. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn òbí tó ń de ọmọ wọn lókùn wá sọ́dọ̀ wa fún rúkíyà, tí wọ́n ń fi igbó mímu rẹ̀ pamọ́ fún dókítà nítorí ìtìjú àti ẹ̀rù ọlọ́pàá. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Bí ẹ bá gbé e wá, màá ka Kùránì sí i, màá sì bi yín ní ọjọ́ tí ẹ ó gbé e lọ sí Aro.