Ìdúró kọ́ ni gbogbo ìjókòó: nọ́ńbà kan tó da àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà láàmú

Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn kan tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux rí ohun tó já wọn láyà. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dúró de díìsìkì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, ti fò sókè. Ti àwọn kan dé 100 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, díìsìkì wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kankan. Kí ló fà á?

Linux ni ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Òun náà ló wà nídìí fóònù Android tí ọ̀pọ̀ wa ń mú lọ sọ́jà. Ọkàn ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní kernel, ló ń ka àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ ìlọta ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin tó gbé àgbàdo lọ síbẹ̀, tó jókòó tì í títí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tán, ó dúró nìyẹn. Èyí tó gbé tirẹ̀ kalẹ̀, tó lọ pàtẹ ọjà, tó wá padà wá gbé e, kò fi àkókò ṣòfò. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá díìsìkì lò lóde òní nìyẹn: á rán an níṣẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ní ọdún 2019, Jens Axboe fi ọ̀nà kan tó ń jẹ́ io_uring kún Linux, kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè yá sí i.

Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ ka ìdúró ẹni tí kò jókòó? Ohun tí Linux ń ṣe ni pé, bí ọpọlọ ẹ̀rọ kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹnì kan sì ń dúró de díìsìkì, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdúró ni. Bí ọpọlọ náà bá rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, kò ní kọ nǹkan kan, bí ẹni tó ń dúró tilẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ní 2023, wọ́n yí i padà pé gbogbo ẹni tó bá ń dúró nínú io_uring, kí a kà á mọ́ àwọn tó ń dúró de díìsìkì. Ìdí rẹ̀ dára: ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń sùn wọra nígbà ìdúró kékeré, kò sì tètè jí, iṣẹ́ á wá falẹ̀. Àmọ́ àwọn ètò bíi MariaDB lè jókòó sínú io_uring láìrán díìsìkì níṣẹ́ kankan. Linux ka àwọn náà mọ́ ọn, bí ìgbà tí a ka obìnrin tó kàn wá gba afẹ́fẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta mọ́ àwọn tó gbé àgbàdo wá. Axboe tún un ṣe: kò sí iṣẹ́ tí a rán, kò sí ìdúró tí a ó kà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà yìí nìkan sọ fún yín pé díìsìkì ilé ìtajà yín ti bàjẹ́, kí ẹ ra tuntun, ẹ má tíì kówó jáde. Ẹ bi í pé: iṣẹ́ mélòó ni a rán díìsìkì, báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣe pẹ́ tó kó tó dé? Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yẹn ló ń fi hàn bóyá díìsìkì ń lọ́ra lóòótọ́.