Ṣé O Mọ̀ Pé Antigone Ní Ẹbí ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú?

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀rùnwọ̀n, ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ló sọ akọni obìnrin ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ di ọmọ ọba Yorùbá? Fẹ́mi Òṣófisan ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1946 ni wọ́n bí i. Ó pe eré náà ní Tègònni. Yunifásítì Emory ní ìlú Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọdún 1994.

Ṣé o mọ ìtàn tó ti fà á yọ? Sophocles, ará Athens, ló kọ Antigone ní nǹkan bí ọdún 441 kí wọ́n tó bí Jésù. Ọkùnrin méjì, ọmọ ìyá kan náà, du oyè títí wọ́n fi para wọn lójú ogun. Creon, arákùnrin ìyá wọn, gorí ìtẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣe òkú ọ̀kan lẹ́yẹ, kí wọ́n fi ti èkejì sílẹ̀ fún ajá àti igún, kí wọ́n sì pa ẹnikẹ́ni tó bá sin ín. Antigone, arábìnrin wọn, lọ bu erùpẹ̀ lé òkú náà. Nígbà tí wọ́n mú un dé iwájú ọba, kò sẹ́, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní òfin àwọn òrìṣà ti wà kí Creon tó jọba. Wọ́n sé e mọ́ inú ihò àpáta láàyè, ó sì pokùnso síbẹ̀. Ọmọ Creon tó fẹ́ fi ṣaya gún ara rẹ̀ pa. Ìyá ọmọ náà gbọ́, òun náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ti kọ ìwé jọ rẹpẹtẹ lórí ìdí tí ọmọbìnrin yìí fi forí la ikú. Ẹni tó bá ti rí bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń sin òkú kò ní í béèrè. Kò sí ọba tó lè ní kí ọmọ ìyá ẹni máa rà níta, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin ló ń ṣe Antigone ní Athens? Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin gun orí ìtàgé. Ọkùnrin mẹ́ta péré ló ń pín gbogbo ẹ̀dá inú eré náà ṣe, wọ́n á fi ìbòjú bo ojú, wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin ló ṣe Medea náà, ìyàwó tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, tó pa àwọn ọmọ tó bí fún ọkọ láti fi gbẹ̀san, nínú eré tí Euripides gbé jáde ní ọdún 431 kí wọ́n tó bí Jésù. Ìlú tí obìnrin kò ti gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú ló kó obìnrin tó ń pe ọba níjà kún orí ìtàgé bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni wọ́n ń lọ wò.

Ṣé o mọ̀ pé Ọ̀sọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni ìlú ẹni tó sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ owó fún obìnrin ní Nàìjíríà? Hubert Ògúnǹdé ni. Abẹ́ aṣọ eégún ni àwọn alárìnjó, tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin, ti máa ń ṣe bí obìnrin. Ní ọdún 1946, nínú eré rẹ̀ Tiger's Empire, Ògúnǹdé gba obìnrin gan-an síṣẹ́, ó sì ń sanwó fún wọn. Nígbà tó gbé eré Yorùbá Ronú jáde ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ṣeré ní gbogbo agbègbè náà. Kí ló fi fèsì? Eré mìíràn, Òtítọ́ Korò. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Tègònni. Ṣé o mọ̀ pé Carter-Ross ni gómìnà òyìnbó inú eré náà ń jẹ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Gilbert Carter ni gómìnà Èkó tó gbógun wá bá wa ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Òyìnbó fẹ́ kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà ọjà tó gba ilẹ̀ wa lọ sí òkè, kí a má gba owó oníbodè mọ́, wọ́n á sì máa fi £500 dípò rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wá pé a da àdéhùn, ni ogun bá dé. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ló wà lórí ìtẹ́. Ní Ìmàgbọ̀n, lẹ́bàá odò Yemọjí, àwọn baba wa dúró. Ìbọn Maxim ló tú wọn ká, tí ogun náà fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Òkè-Ọ̀ṣun, ìlú àròsọ, ni Òṣófisan fi eré rẹ̀ sí, kò dárúkọ Ìjẹ̀bú. Àmọ́ ó ti yí ìtàn Sophocles padà láti ìpìlẹ̀. Ẹbí ni Creon jẹ́ fún Antigone, ó kéré tán, ó mọ ìyá tó bí i. Àjèjì ni Carter-Ross, tó fi òkú ọmọ ọba ṣe ẹ̀rù fún gbogbo ìlú. Síbẹ̀ Òṣófisan kò di gbogbo ẹjọ́ náà ru òyìnbó. Tègònni ti ṣẹ ará ilé kí ó tó ṣẹ ará òde: ó ń da idẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ní ọkùnrin ló ni ín, ó sì fẹ́ fẹ́ Allan Jones, òyìnbó alákòóso agbègbè (D.O.). Antigone fúnra rẹ̀ náà wọ inú eré náà wá. Ó kọ́kọ́ dán Tègònni wò, ó ṣe bíi pé asán ni ìjà òmìnira, pé kí ó túúbá. Tègònni kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà yẹn ni Antigone tó gbà á mọ́ra gẹ́gẹ́ bí arábìnrin. Rántí pé ọdún kan ṣáájú eré yìí ni ìjọba ológun Nàìjíríà fagi lé ìbò June 12, ọdún 1993.

Ṣé o mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti sọ Oedipus, bàbá Antigone, di Ọdéwálé ní ọdún 1968, nínú The Gods Are Not to Blame? Àti pé Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, tún eré Bacchae tí Euripides kọ kọ fún National Theatre ní London ní ọdún 1973, tó sì kó ẹgbẹ́ akọrin ẹrú kún un?

Ṣé o mọ̀ pé Nelson Mandela ṣe Antigone lẹ́wọ̀n ní Robben Island? Creon ló ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé nínú eré Òṣófisan kan, àwa Ìjẹ̀bú ni apànìyàn? Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa kà. Women of Owu ni àkọlé rẹ̀, ìlú Chipping Norton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2004. Inú The Trojan Women ló ti mú un, eré tí Euripides gbé síwájú àwọn ará Athens ní ọdún 415 kí wọ́n tó bí Jésù, kété lẹ́yìn tí àwọn náà ti pa ọkùnrin erékùṣù Melos, tí wọ́n ta obìnrin àti ọmọdé wọn lẹ́rú. Ojú àwọn tó hu ìwà náà gan-an ni Euripides ti gbé eré náà jáde.

Ohun tí Òṣófisan ṣe náà nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1826, lẹ́yìn ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lórí ọjà Àpòmù, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé dóti Òwu títí ìlú náà fi fọ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un kọ́. Nínú eré náà, Erelú Àfin, ayaba tí wọ́n ti pa ọkọ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin ààfin, wọ́n ń dúró kí wọ́n wá pín wọn bí ẹrú. Wọn kò ní ohun ìjà kankan. Ohùn wọn nìkan ló kù, wọ́n sì fi ń pe àwọn òrìṣà lẹ́jọ́, wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀gágun lẹ́jọ́, wọ́n tún ń bi ara wọn léèrè ohun tí Òwu fúnra rẹ̀ ti ṣe fún àwọn ẹlòmíràn nígbà tó lágbára.

Wo èyí pẹ̀lú Ìmàgbọ̀n. Ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú, tí àwọn ará òkè kò tíì ní púpọ̀ nígbà náà, wà lára ohun tó fọ́ Òwu. Kò tó ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí ìbọn tó ju ti Ìjẹ̀bú lọ dé etí odò Yemọjí. A máa ń sọ ti ọdún 1892 fún àwọn ọmọ wa. Ta ni ó ń sọ ti Òwu fún wọn?

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Òṣófisan fi kọ eré méjèèjì, orin Yorùbá ló kún inú wọn. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré ìtàgé ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Agọ́-Ìwòyè gbé Women of Owu wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní èdè Ìjẹ̀bú, kí a ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ Òwu láti Abẹ́òkúta, kí a fi wọ́n sí ìjókòó iwájú.