Àkójọ Ìtọ́jú Eyín fún Àwọn Ilé ní Àgbàdo, Láti Ṣẹ́rẹ́ Dé Ọ̀pẹ

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí
Àwọn bàbá wa ti ń rún orín kí búrọ́ọ̀ṣì tó wọ ìlú. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí agbára tí omi ara orín wa ní láti pa kòkòrò àìfojúrí. Ní 1986, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gba àwọn ìlú tó ń lo orín níyànjú pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀.

Bí eyín ṣe ń jẹrà, àti bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe
Àkokoro kì í ṣe ìdin tó ń rìn nínú eyín. Ohun dídùn tí a bá jẹ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ń sọ di omi kíkan, omi kíkan yẹn ló sì ń yọ́ èèpo eyín díẹ̀díẹ̀. Bí a bá jẹun tán, itọ́ a máa lò tó ìṣẹ́jú 30 sí 60 kó tó lé kíkan náà lọ, kó sì dá àwọn èròjà líle tó yọ́ padà sára eyín. Lójoojúmọ́ ni itọ́ ń ṣe àtúnṣe yìí fún olówó àti tálákà, kò sì sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu mínírà ní aago 10, tó lá súìtì ní aago 11, tó tún jẹ bisikíìtì ní aago 12, kò fún itọ́ láyè rárá. Ìdí nìyí tí iye ìgbà tí ohun dídùn ń wọ ẹnu fi burú ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹ jẹ́ kí ohun dídùn bá oúnjẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí omi lásán sì jẹ́ ohun mímu títí di oúnjẹ mìíràn.

Ẹ máa yẹ eyín àwọn ọmọ wò nínú oòrùn. Àmì àkọ́kọ́ ni àbàwọ́n funfun bí ẹfun, tí kò dán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí eyín ti yọ. Èyí ṣì lè san bí a bá dín ohun dídùn kù tí a sì ń fọ eyín dáadáa. Bó bá ti di ihò, kò sí orín, kò sí ọṣẹ, kò sí àgbo tó lè dí i mọ́.

Orín àárọ̀
Orín àta, pákò Ìjẹ̀bú, ayán, ìdí, ewúro: gbogbo wọn dára. Orín àta a máa ta ahọ́n, a sì máa mú kí itọ́ sun. Èyí tó tutù ni kẹ́ ẹ rà, kó má ju ìka ọwọ́ lọ. Bó bá ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi fọ́n bíi fọ́nrán, kí ẹ wá fi í gbá eyín láti ìdí wá sí ẹnu rẹ̀, níta àti nínú, fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán. Ẹni tó bá ń fi tipátipá fà á síwá-sẹ́yìn yóò fi ẹran ìdí eyín ṣòfò. Ẹ gé orí tí ẹ lò kúrò lójoojúmọ́, ẹ má sì pín orín kan lò.

Ọṣẹ alẹ́
Ọ̀pọ̀ wa kì í fọ ẹnu àyàfi láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ òru gan-an ni itọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sun, tí kíkan sì ń ráyè ṣiṣẹ́ ibi. Fífọ ẹnu kẹ́yìn kí a tó sùn ló ṣe pàtàkì jù, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ni kẹ́ ẹ sì fi ṣe é. Fluoride ló ń bá itọ́ mú kí èèpo eyín tún le. Ní 2021, WHO fi irú ọṣẹ yìí sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí rẹ̀. Ẹ ka ara páálí: iye fluoride gbọ́dọ̀ wà láàárín 1000 sí 1500 ppm. Kì í ṣe èyí tó wọ́n jù ló ní in. Ẹ fọ eyín fún ìṣẹ́jú 2, ẹ tu ọṣẹ náà dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu, kí fluoride lè dúró lára eyín.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ọṣẹ tó tó wóró ẹ̀wà kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.25. Ilé tó ní ọmọ 2 tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú àgbà 2 tó ń rún orín láàárọ̀ tí wọ́n ń lo ọṣẹ lálẹ́, yóò lo gíráàmù 1.5 lójúmọ́. Ọṣẹ gíráàmù 140 yóò gbé wọn tó ọjọ́ 93. Bí gbogbo wọn bá ń fa ọṣẹ kún orí búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bíi gíráàmù 1.5 lẹ́ẹ̀kan, kò ní pé ọjọ́ 12 kó tó tán. Àgbà tí àkokoro ti ń dà láàmú ni kó fi ọṣẹ kún orín àárọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí eyín ọmọ ń yọ
Eyín àkọ́kọ́ a máa yọ ní nǹkan bí oṣù 6. Nígbà tí ọmọ bá fi pé ọdún 3, eyín 20 ti pé. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá yọ ni fífọ̀ bẹ̀rẹ̀: ọṣẹ tó tó wóró ìrẹsì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, wóró ẹ̀wà láti ọdún 3 sókè. Títí di ọdún 7, àgbà ni kó máa dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ má fi ìgò wàrà tàbí ògì oníṣúgà sẹ́nu ọmọ tó ń sùn.

Ní ọdún 6, eyín ńlá kan a yọ lẹ́yìn pátápátá, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, láìsí pé eyín kan ká fún un. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ òbí fi rò pé eyín ọmọdé ni, tí wọ́n sì jẹ́ kó jẹrà. Eyín àgbà ni, kò ní arọ́pò. Eyín ńlá tó tẹ̀ lé e ń yọ ní nǹkan bí ọdún 12. Ti ìkẹyìn, láàárín ọdún 17 sí 25. Àpapọ̀ eyín àgbà jẹ́ 32.

Oṣù dé oṣù
Ṣẹ́rẹ́, Igbe, Agẹmọ, Ọ̀wàrà: ẹ pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì.

Láti Ọ̀pẹ títí di Igbe, agbálùmọ̀ kún ọjà. Kíkan rẹ̀ ń mú kí èèpo eyín rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, bíi ti ọsàn. Ẹ fi omi yọ ẹnu lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ nígbà náà ń gbẹ ẹnu, ẹ máa mu omi.

Ẹrẹ́nà ọjọ́ 20 ni Ọjọ́ Ìlera Ẹnu Lágbàáyé.

Nígbà Rámádánì, ẹ fọ eyín lẹ́yìn sààrì kí Àsùbáà tó wọlé. Lẹ́yìn ìṣínu, ẹ má máa mu zobo oníṣúgà díẹ̀díẹ̀ títí di òru.

Ṣúgà
WHO ní kí ṣúgà àgbàlagbà má tó gíráàmù 50 lójúmọ́. 25 ló sàn jù. Ìgò mínírà 50cl tí wọ́n kọ gíráàmù 10 fún 100ml sí lára ti gbé 50 náà tán. Gaàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, láìsí ṣúgà, dùn jọjọ.

Bí ihò bá ti wà
Kànáfùrù lè dín ìrora kù. Kò lè wo ihò. Omi bátìrì ń jó ẹran ẹnu, ẹ má dán an wò. Ẹ má fi asipiríìnì lé ìdí eyín. Ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní dókítà eyín. Ọkọ̀ ojú irin Red Line láti ibùdókọ̀ Àgbàdo ń dúró ní Ìkẹjà. Ihò kékeré, dídí ni; ihò tó dé iṣan, owó rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọrùn bá wú, tí ara ń gbóná, tí ẹnu kò là dáadáa tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Àìkú.