Ìrora Lè Lọ Kí Agbára Ẹ̀yìn Má Tíì Padà

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń ṣe ìkìlọ̀ pé bí ìrora bá kúrò ní ẹ̀yìn ẹni tó farapa, èyí kò túmọ̀ sí pé iṣan tó gbé ẹ̀yìn náà ró ti gba agbára rẹ̀ padà. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ a máa joro, a sì máa rọ. Ìsinmi nìkan kì í mú un bọ̀ sípò, ìdárayá tí a fètò sí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè Bompai ní ìlú Kano gbọ̀ngbọ̀n. Bompai, tó wà nítòsí Sabon Gari níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn láti gúúsù Nàìjíríà tẹ̀dó sí, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn agbègbè ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ní ìlú náà. Níbẹ̀ ni àwọn alábàárù ti ń gbé àpò wúwo, tí àwọn mìíràn sì ń gun orí ọkọ̀ àjàgbé láti já ẹrù. Tírélà àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Kano ń pè ní adaidaita sahu sì jọ ń lo ọ̀nà kan náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka ìjàǹbá ọkọ̀ àti ìṣubú mọ́ àwọn ohun tó ń fa ìfarapa ọ̀pá ẹ̀yìn jù lọ. Àjọ náà sọ pé àwọn ènìyàn tó ń gbé pẹ̀lú irú ìfarapa bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 15.

Ohun tó gbé ẹ̀yìn ró

Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké tí a tò lé ara wọn ni, ohun rírọ̀ sì wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Inú ihò tó wà láàárín àwọn eegun náà ni okùn ìmọ̀lára gbà, èyí tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí apá àti ẹsẹ̀, tó sì ń gbé èsì padà.

Iṣan ló di àwọn eegun náà mú, gẹ́gẹ́ bí okùn ti ń di òpó àgọ́ mú kó má bàa wó. Àwọn iṣan gígùn ń jẹ́ kí ènìyàn lè nàró lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kúkúrú tó wà nísàlẹ̀ pátápátá so eegun kan mọ́ èkejì, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó yẹ̀ bí a bá ń rìn tàbí tí a bá gbé ẹrù.

Bí ẹ̀yìn bá farapa, ẹni náà lè wà lórí ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní àkókò yìí ni iṣan máa ń joro. Ẹ̀yìn tí kò farapa rárá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016 lórí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú mẹ́fà ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n lo oṣù mẹ́rin sí méje níbi tí ara kò ti ní ìwúwo, fi hàn pé iṣan ẹ̀yìn wọn fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Lẹ́yìn oṣù kan sí méjì tí wọ́n padà sórí ilẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù ni wọ́n tíì rí gbà padà.

Ẹ̀rí láti Ọsirélíà

Ní ọdún 1996, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Queensland ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà gbé àbájáde kan jáde lórí ènìyàn 39 tí ẹ̀yìn ń ro fún ìgbà àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìrora ti kúrò lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn iṣan kúkúrú ẹ̀yìn wọn, wọ́n rí i pé ti àwọn tí kò ṣe ìdárayá kò tíì padà sí bó ṣe yẹ kó tóbi tó.

Àtúnyẹ̀wò tó jáde ní ọdún 2001 tún fi ohun mìíràn hàn. Láàárín ọdún kan, ìrora náà padà bá ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ṣe ìdárayá, nígbà tó jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló padà bá lára àwọn tó ṣe é. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, eegun wọn kò sì ṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe kókó: ìrora lè ti lọ kí àìlágbára ṣì kù nílẹ̀. Alábàárù tó bá padà sídìí àpò nítorí pé kò rí ìrora mọ́ lè tún padà ṣèṣe.

Ìfarapa kò dọ́gba

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá, dókítà gbọ́dọ̀ fi àwòrán inú ara mọ̀ bóyá eegun náà ti dúró sójú kan. Eegun ẹ̀yìn tó ṣẹ́ láìba okùn ìmọ̀lára jẹ́ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kó tó jinná. Nítorí náà, kò dára kí a gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ farapa lọ fún wíwọ́ tàbí fífà lọ́wọ́ ẹni tí kò rí àwòrán eegun náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fa ẹni tó ṣubú dìde ní apá àti ẹsẹ̀. Orí àti ara ni kí a jọ gbé pọ̀ lórí pákó tó tẹ́jú, láìjẹ́ kí ọrùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ yí.

Bí okùn ìmọ̀lára bá bàjẹ́ díẹ̀, ìdárayá lè mú kí ìwọ̀nba iṣan tó ṣì ń gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọpọlọ lágbára sí i. Bí ó bá já pátápátá, iṣan tó wà nísàlẹ̀ ojú ibi tó já kò ní lè gba iṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n èjìká, apá àti òkè ẹ̀yìn lè kọ́ láti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó kù.

Ìgbésẹ̀ díẹ̀díẹ̀

Fún ẹni tí dókítà ti fún láṣẹ, oníṣègùn físíotẹ́rápì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rọrùn:

Àkọ́kọ́, kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún, kí ó sì rọra fa ìsàlẹ̀ ikùn wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, láìdá èémí dúró.

Èkejì, ní ìdùbúlẹ̀ kan náà, kí ó gbé ìdí kúrò nílẹ̀ títí ara yóò fi tọ́ láti èjìká dé orúnkún, kí ó ka ení dé àrùn-ún, kí ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó fi ọwọ́ àti orúnkún méjèèjì lélẹ̀, kí ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú àti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, kí ó sì pààrọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ìrìn, tí a ó máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí kò lè rìn yóò kọ́ láti jókòó sí etí ibùsùn láìfẹ̀yìn ti nǹkan, láti na ọwọ́ mú ohun tó jìnnà díẹ̀, àti láti ti ibùsùn bọ́ sórí àga onítáyà. Bí ó bá wà ní ìdùbúlẹ̀, kí a máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má bàa dá sí i lára.

Kí ó rẹ ara díẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń ta dé ẹsẹ̀, kí a dáwọ́ dúró, kí a sì rí oníṣègùn. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú sí i, tí abẹ́ kò mọ nǹkan lára mọ́, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ lójú ẹsẹ̀.

Oúnjẹ tó ń tún ara ṣe pẹ̀lú wúlò: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, wàrà àti kúlíkúlì, tí gbogbo wọn kò ṣòro rí ní ọjà Kano.

Ìtọ́jú àti owó

Ní Kano, ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Dala àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Aminu Kano wà lára ibi tí a ti lè rí irú ìtọ́jú yìí. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló di ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì ní Èkó ní ọdún 1945. Ọdún kan ṣáájú ni Dókítà Ludwig Guttmann bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbà kí àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́ kàn máa dùbúlẹ̀ títí ikú yóò fi dé. Ó ní kí wọ́n máa ta ọfà, kí wọ́n sì máa ju bọ́ọ̀lù. Ìdíje tó dá sílẹ̀ fún wọn ní ọdún 1948 ló di Paralympics.

Ọ̀pọ̀ ń pa ìtọ́jú tì nítorí owó. Òfin ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó jáde ní ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, fún ẹni tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, kódà bí kò bá ju lébìrà lásán lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14.

Ìfẹ́ ló sábà máa ń mú kí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ṣe gbogbo nǹkan fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bí ó tilẹ̀ falẹ̀, ìdárayá ni fún un. Kí àwọn ará ilé dúró tì í, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣe é.