Iná Ẹ̀yìn Mọ́tò Yín Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Atlanta, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wa mọ́tò tó ti gbó. Òfin Georgia ní iná ẹ̀yìn àti iná bíréèkì méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, ọlọ́pàá lè dá yín dúró.

Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá tẹ bíréèkì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló kú, ẹ kọ́kọ́ wo gílóòbù. Bó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ wo fíúsì, lẹ́yìn náà swíìṣì tó wà lókè ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀. Bí tìráfíkétọ̀ bá ń mú iná mìíràn ṣẹ́jú, wáyà tí wọ́n dè mọ́ ara irin mọ́tò lè ti dípẹtà. Ẹ tú u, ẹ ha á mọ́, kẹ́ ẹ tún un dè dáadáa.

A bẹ̀ yín, 15 ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò fíúsì 15. Ẹ má fi wáyà lásán dí i o! Mọ́tò lè gbiná.